Àtíbàbà Ata Ẹ̀gbọ́n Mi Sàfú

Ẹ gbé ọ̀rá yẹn kalẹ̀ ná. Mo ní ẹ gbé e kalẹ̀! Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí kò níí sá lọ. Sìkírá, fa àga yẹn sún mọ́ mi. Ìwọ Láwàlì, pa fóònù rẹ, tàbí kí o jù ú sápò kí ó máa dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti Tema gbé irin àti ọ̀rá funfun gbọọrọ wá, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ilé ọ̀rá fún ata àti tòmátì kí òjò tó dé, ẹ wá ń bi mí pé kí ni àwọn òpó jíjẹrà wọ̀nyí ń ṣe nílẹ̀, ṣé kí ẹ hú wọn dànù. Ẹ tún ní bàbá yín kò fẹ́ gbọ́ pé ibí lẹ ń bọ̀. Kò lè fẹ́ gbọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí i, ìṣojú mi ni Múfú ṣe dàgbà nínú ọgbà yìí, mo sì mọ ohun tó ń sá fún.

Òpó àtíbàbà ẹ̀gbọ́n mi Sàfú ni wọ́n. Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn, n kò sì ní fi oyin bò ó fún yín.

Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn ṣọ́jà ti bọ́ aṣọ ológun, a ti ń tò láti dìbò bí ẹ ṣe ń tò ó lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ṣì wà ní Accra. Èyí tí ẹ ń wò yìí kò mọ báyìí. Ó lọ títí dé ibi tí ilé alájà yẹn dúró sí. Apá ibẹ̀ ni Àǹtí Dedé ń gbé, obìnrin Ga kan, ọmọ onílẹ̀ Accra, tó ń se kẹ̀ǹkẹ́, ẹ̀kọ ìlú wọn, tà. Kò sí ògiri láàárín wa, igi dógóyárò kan ni ààlà. Ẹ̀yin ń fi fóònù jí, àbí? Àwa, èéfín Àǹtí Dedé ló ń jí wa. Bí ó bá ti gbé ìkòkò kaná, tí ó ń fi ẹnu kọrin, tí ó sì ń bú igi tútù pé kò jó, kò sẹ́ni tó lè sùn mọ́ ní agbo ilé yìí. Ní New Town yìí, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Lagos Town, gbogbo ilé ló ní ohun tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀: ewúrẹ́, odó, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọmọ tí wọ́n ń fi kóńkó wẹ̀ tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Báyìí, jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Sàfú ni àkọ́bí ìyá wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Rìsíkátù, ìyá tó bí bàbá yín, ni àbígbẹ̀yìn. Sàfú lọ́kọ rí, ọkọ náà sì lé e wálé nítorí pé kò bímọ. Ìgbà tí Rìsíkátù kú tí ó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀, Sàfú kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó kàn gbé Múfú pọ̀n ni, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi ń wọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àìrọ́mọbí bú u, á ní, "Múfú ń kọ́? Àbí òkúta lẹ rò pé mo pọ̀n?"

Ohun méjì ló ní láyé, Múfú àti ata. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ata kan wà tí ìyá wa so mọ́ etí aṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ń tẹ̀ lé bàbá wa bọ̀ wá sí ìlú yìí. Ata náà tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, bí ó bá pọ́n tán a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ní ilé yìí, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì á sín. Kì í ṣe pé ó kàn ta, ó ní adùn kan tó máa ń gbẹ̀yìn dé, ìgbà tí ẹ bá ti gbé oúnjẹ mì tán lẹ máa tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tí wọ́n ní kí àwa àlejò kó ẹrù wa kúrò ní Gánà, ìyá wa fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi ibùsùn sílẹ̀, ó tún so irúgbìn ata náà mọ́ etí aṣọ, ó gbé e relé. Ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀, tí a padà wá, etí aṣọ náà ló tún fi gbé e wá. Nígbà tó fẹ́ kú, ó pín ohun tó ní fún wa: Rìsíkátù gba aṣọ, èmi gba ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa, Sàfú gba kèrègbè irúgbìn. Àwọn ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Sàfú ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ìkòkò tó bá máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí Múfú bá gbéyàwó, ọwọ́ ìyàwó náà lòun máa fa kèrègbè yẹn lé, bí ìyá òun ṣe fà á lé òun lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni ogún tí ó rò pé òun ní í fi sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń tún àtíbàbà ṣe, ẹ̀yin onílé ọ̀rá. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀, tí ètè kò là mọ́, tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí mú wa ní ọ̀sán gangan, Sàfú á dúró síbí, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí, á pe orúkọ mi bí ẹni ń pe adìyẹ. Iṣẹ́ tèmi ni òkè, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ilẹ̀. Èmi á tú imọ̀ àgbọn ọdún tó kọjá tó ti gbẹ, màá yọ òpó tí ikán bá ti jẹ, màá fi òmíràn rọ́pò. Gbogbo imọ̀ gbígbẹ yẹn, orí ebè la ti ń sun ún, kí iná lè pa kòkòrò àti irú koríko tó fara pamọ́ sínú erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun á wá fi ajọ̀ jọ erùpẹ̀. Ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, láti àárọ̀ títí di àsìkò ìrun ọ̀sán. Bí òkúta kékeré kan bá bọ́ síbẹ̀, á yọ ọ́ bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì àlejò. Á po ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ mọ́ ọn, á fi ìka fa ilà, á wọ́n irúgbìn, á fi erùpẹ̀ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èmi á wá fi imọ̀ tútù bo òkè.

Imọ̀ náà ní bí a ṣe ń bò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń bò ó nípọn, torí oòrùn Accra kò mojú ọmọdé. Bí ewé bá yọ, màá fa imọ̀ kan kúrò. Bí ó bá tún ga sí i, màá fa òmíràn. Sàfú ní à ń kọ́ ata ní oòrùn ni, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ààwẹ̀: lónìí títí di ọ̀sán, lọ́la títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi rọ̀, ata ti le tó ẹni tí a lè tú lọ gbìn síta. Ọ̀rá tiyín yìí ń kọ́? Ta ló máa kọ́ wọn ní oòrùn? Ó dáa, mo ti dákẹ́.

Nǹkan a máa ṣe wá níbẹ̀ o. Lọ́dún kan, èmi ni mo so òkè náà, n kò so ó le, ìjì àkọ́rọ̀ kan sì ká a nílẹ̀ lódidi, ó gbé e lọ dé orí ìkòkò kẹ̀ǹkẹ́ Àǹtí Dedé. Obìnrin náà pariwo orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, "Ẹi, Anago! Ẹ ti jó ilé mi!" Iná ti ń mú imọ̀ náà lóòótọ́. A fi omi ìkòkò kẹ̀ǹkẹ́ pa á. Sàfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin o, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun, Àǹtí Dedé sì bú sẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí ata bá pọ́n, agbọ̀n àkọ́ká, tirẹ̀ ni, òun ló ń lọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀ǹkẹ́, àwọn oníbàárà sì ń tò láti títì. Bí àsìkò tí àwọn Ga ń ka ariwo léèwọ̀ bá dé, kí ọdún Homowo wọn tó pé, Sàfú ti máa ń rí i pé a parí gbogbo kíkàn àti lílù nínú àtíbàbà. Ó ní ilẹ̀ wọn la fi ń jẹun, ẹnu wọn la gbọ́dọ̀ máa wò.

Kí ni Sàfú ń gbà lọ́wọ́ Àǹtí Dedé ní tirẹ̀? Eérú. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí. Eérú igi ni wọ́n ń wọ́n sórí ebè kí èèrà àti ìgbín má bàa wọ̀ ọ́. Eérú yìí kan náà ni wọ́n ń fi tọ́jú irúgbìn. Ìyá wa kì í gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀. Ìdajì ló ń wọ ilẹ̀, ìdajì á wà nínú kèrègbè, á fi eérú gbígbẹ pò ó kí kòkòrò má jẹ ẹ́, á gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ ẹ. Bí ọ̀dá bá pa tilẹ̀, tòkè á wà. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló máa tẹ̀. Eérú Àǹtí Dedé funfun, ó fúyẹ́, kì í tán, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń dáná igi. Kò sẹ́ni tó ń ra eérú láyé ìgbà yẹn. Ta ló ń ra ohun tí wọ́n fẹ́ gbá dànù?

Lọ́dún kan, wọ́n ta ilẹ̀ Àǹtí Dedé. Kì í ṣe òun ló tà á, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n wó ààrò rẹ̀ ní ojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún, n kò sì tún fojú kàn án. Wọ́n gé dógóyárò, wọ́n mọ ògiri, wọ́n ń kọ́ ilé lọ sókè. Nínú ilé tiwa, bàbá yín ti ra sítóòfù gáàsì fún Sàfú. Ó ní èéfín ń pa ojú màmá òun. Oore ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gáàsì kì í ní eérú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ní èéfín tí yóò fẹ́ kèrègbè. Sàfú ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú garawa. Eérú èédú díẹ̀ tó ń rí, ìdọ̀tí ìdí sìgá àti eegun ẹja ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń wò ó bí aṣiwèrè. Ìyá àgbàlagbà tó ń tọrọ eérú!

Bàbá yín ti di géńdé nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Agbogbloshie, níbi tí wọ́n ti ń tú irin àlòkù. Iṣẹ́ pàtàkì tó ń ṣe ni kí wọ́n di wáyà iná ní òkìtì, kí wọ́n fi fóòmù fìríìjì àtijọ́ dáná sí i, kí rọ́bà ara rẹ̀ jó dànù, kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín rẹ̀ dúdú kirikiri. Láti ọ̀nà tí àwọn lọ́rì iṣu láti àríwá ń gbà wọlé, ẹ máa rí i lójú sánmọ̀. Múfú kì í wá sílé yìí lọ́wọ́ òfo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ata ọdún yẹn ń pọ́n tí wọ́n sì ń yọ irúgbìn rẹ̀, ó gbé àpò kan sọ̀ kalẹ̀ lórí, ó ní, "Màmá, ẹ yé rìn káàkiri mọ́. Mo ti rí eérú yín."

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó wúwo. Àwọ̀ rẹ̀ kò jọ funfun, kò jọ dúdú, ó ń dán níbì kan. Mo ní, "Múfú, eérú kí lèyí?"

Ó ní, "Bàbá, ṣé eérú tún ní ẹ̀yà ni? Ohun tí iná bá ti jó, eérú ni."

Kí ni mo fẹ́ wí? Aránṣọ ni mí. Inú Sàfú sì ń dùn débi tí ó ń gbàdúrà lé e lórí: "Ọmọ mi ló gbé eérú wá fún mi. O kò ní rí ìṣẹ́, Múfú. Iná kò ní jó ọ." Kò tọ́ ọ wò. Ìyá wa kì í lo eérú kankan láìfi ìka kan tọ́ ọ wò lórí ahọ́n, Sàfú náà kì í sì gbàgbé, ṣùgbọ́n ta ni í tọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀? Ó da díẹ̀ sínú kèrègbè, ó po irúgbìn mọ́ ọn, ó sì fi ìyókù pamọ́ de ebè.

Àkókò àtíbàbà dé. A ṣe gbogbo rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Mo tú òkè, a sun ilẹ̀, ó jọ erùpẹ̀. Ó bu ìdajì irúgbìn láti inú kèrègbè, ó wọ́n ọn, ó fọ́n eérú Múfú sójú ebè yíká, kódà ó fọ́n ọn nípọn, nítorí pé àpò náà kún. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ata kì í yá hù, a mọ̀ ọ́n sí onísùúrù, torí náà a ò bẹ̀rù. Ìgbà tí ó yẹ kí a rí ewé, a kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni díẹ̀ yọrí, ní ìkángun kan tí eérú kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìrètí wa bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Etí ewé wọn jó, ó di pupa rẹ́súrẹ́sú, ọrùn wọn rọ̀, wọ́n sùn sílẹ̀. Sàfú ní èèrà ni. Ó tún wọ́n eérú sí i.

Ìgbà tó rí i pé kò sí ohun tó kù lórí ebè, ó ní, "Kò burú. Ìdajì wà lókè." Ó sọ kèrègbè náà kalẹ̀. N kò lè gbàgbé ìró rẹ̀. Kèrègbè irúgbìn, bí ẹ bá mì ín, ó máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Èyí kò dún. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Eérú inú rẹ̀ ti fa omi bí iyọ̀ tí a gbàgbé síta, ó ti di ìṣù. Irúgbìn dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn. Ó ń fi èékánná tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ ń fọ́ pẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ló tó fi ìka bu eérú yẹn sórí ahọ́n. Ó tutọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àpáàdì kèrègbè, kò sunkún, ó kàn ń nu ahọ́n rẹ̀ mọ́ etí ìró.

Mo ní n ó lọ bá Múfú ní Agbogbloshie, n ó fọ́ ọ létí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀!"

Sàfú ní, "Kò dà á sí mi lára. Ó gbé e fún mi ni. O kò gbọdọ̀ sọ fún un."

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìyá wa ló pa!"

"Mo mọ ohun tó pa. Bí o bá sọ fún ọmọ yẹn pé ọwọ́ rẹ̀ ló pa ogún mi, kò ní lè gbàgbé títí láé. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Dákẹ́ sí i."

A wá irúgbìn náà kiri. Mo ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ilé ti wà lórí oko ìyá wa, ata ìjọsí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà ni wọ́n ń jẹ. Sàfú lọ sí gbogbo ọjà, ó ń gbé ata wò, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń gbé e padà sílẹ̀, àwọn ọlọ́jà ń bú u. Èyí tó fi fún àwọn ará àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó tọ́jú irú, torí pé gbogbo wọn mọ̀ pé Sàfú ní i. Ata náà parẹ́ láyé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ré ààlà kọjá, tó la ọdún tí wọ́n lé wa nílùú já, inú kèrègbè ló kú sí.

Ọdún yí po. Sàfú tún gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó tún pe orúkọ mi. Irúgbìn ọjà ló rà. Ó ní bí àtíbàbà bá ṣófo, Múfú á béèrè. A ń jọ erùpẹ̀ lọ́jọ́ kan tí bàbá yín wọlé, àpò eérú mìíràn lórí rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Sàfú gbà á, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà. Èmi ti mọ̀ pé bí ó bá ti lọ tán, ojú kòtò ni n ó dà á sí. Bí Múfú ṣe tẹ̀ láti bá a gbé ajọ̀, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ikọ́ eruku. Ó wúkọ́ títí ó fi di òpó mú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó wá tutọ́. Itọ́ náà bọ́ sórí erùpẹ̀ jíjọ̀, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀ jíjóná.

Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ bò ó. Sàfú ní, "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò." Ó wolẹ̀, ó wo itọ́ náà, ó sì wo àpò eérú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ọdún kan gbáko tó fi ń bo ọ̀rọ̀ yìí, kí ọkàn ọmọ má bàa bàjẹ́ ló ṣe ń bò ó, kò ro ohun tí èéfín ń ṣe sí àyà rẹ̀ rárá.

Ó wọlé, ó sì gbé àpáàdì kèrègbè náà jáde. Ó ti tọ́jú u. Ìṣù irúgbìn dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó nà án sí Múfú.

"Ata ìyá mi rèé. Eérú tí o gbé wá léṣìí ló pa á. Èyí tó wà lórí ebè àti èyí tó wà lókè, kò ku ẹyọ kan."

Múfú rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Màmá, ẹ sọ fún mi pé ó so."

"Irọ́ ni mo pa."

"Láti èṣí? Ẹ ń gbàdúrà fún mi! Ẹ wò mí tí mo tún ń gbé e bọ̀, ẹ ń ṣàmín!" Ó kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀?"

Sàfú di etí aṣọ Múfú mú. Ó ní, "Gbọ́ mi. Ohun tó pa irúgbìn nínú eérú tútù, ìwọ ń fa èéfín rẹ̀ gbígbóná simú lójoojúmọ́. Mo lè sin ata. N kò lè sin ọ́. Bínú sí mi, Múfú, bínú títí, ṣùgbọ́n má padà sídìí iná yẹn." Ó kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Múfú já ara rẹ̀ gbà, ó jáde, ó ń sunkún bí ọmọdé láàárín títì.

Kò jó wáyà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lọ sí Tema, ó rí iṣẹ́ ẹrù ní èbúté, ibẹ̀ ló ti pàdé ìyá yín. Ṣùgbọ́n kò jókòó jẹun nílé yìí mọ́. Bí Iléyá bá dé, á fi ẹran rán ẹnì kan. Bí ó bá wá fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni, bàtà lẹ́sẹ̀, ojú nílẹ̀. Mo bínú sí i gan-an, mo pè é ní aláìmoore. Sàfú ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní bí ọmọ náà bá ti rí ojú òun, kèrègbè yẹn ló ń rí. Kò tún àtíbàbà ṣe mọ́. Imọ̀ jábọ́ díẹ̀díẹ̀, ikán jẹ òpó, a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mò ń lọ sí Tema lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú tróòtìrò, ọkọ̀ akérò ìlú yìí. Bí mo bá padà dé, màá ròyìn fún Sàfú: Múfú ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ ti bí Sìkírá, wọ́n ti kó sí yàrá tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Á gbọ́ ọ títí màá fi parí. Kì í bi mí bóyá Múfú kí òun. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. "Ṣé ó ṣì ń wúkọ́?" Màá ní rárá. "Bí ó bá gun òkè ń kọ́?" Màá ní kò wúkọ́. Á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," á wá ní kí n gbé oúnjẹ òun wá.

Ìgbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, mo ránṣẹ́ pe bàbá yín. Ó wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ létí ibùsùn. Àwọn èèyàn ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́ níta. Sàfú kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ náà kò sì ríran tó. Ó ń fi ọwọ́ wá ara Múfú kiri, èjìká, ọrùn, títí ó fi kan àyà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e pẹrẹsẹ. Ó ní, "Mí."

Múfú mí.

Ó ní, "Tún mí."

Bàbá yín ń sunkún, ó ń mí bí ó ṣe wí, ó ń mí kanlẹ̀, títí ọwọ́ náà fi wúwo láyà rẹ̀.